Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí Faransé tó ń bà á lẹ́rù

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwa náà wà. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Àbúrò rẹ ti kó wọ yàrá rẹ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ìyẹn tó.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ló mú mi kọ̀wé yìí. Ẹni tó sọ ọ́ kò mọ̀ pé ó máa dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó ní bí olùkọ́ bá ti nawọ́ sí ọ ní kíláàsì Faransé yẹn, ńṣe lo máa ń wolẹ̀. Ó ní ọjọ́ kan lo dìde tí o sọ pé “je parler”, ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín, láti ìgbà náà o ò sì la ẹnu mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, o kà á, o ò fèsì. Àbí o rò pé mi ò mọ̀ pé o kà á ni? Owó tí mo fi ránṣẹ́ pàápàá, o ò sọ bóyá o rí i gbà. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nínú ilé yìí! Ẹ̀rù ń bà mí, Àjọkẹ́. Ẹni tó bá ti dákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè ti ń di ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Má bínú pé mò ń pariwo. Jókòó, jẹ́ ká jọ wo ọ̀rọ̀ ìṣe yìí.

“Parler” tí o sọ yẹn, tó túmọ̀ sí “sọ̀rọ̀”, orúkọ ọ̀rọ̀ ìṣe náà lo pè, bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Kò tíì di ti ẹnikẹ́ni. Gé “er” ìparí rẹ̀ kúrò, “parl” ló kù. Ara “parl” yìí ni wàá so ìparí mọ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló sì ń pinnu èyí tí wàá so: je parle (mo), tu parles (o), il parle tàbí elle parle (ó, ọkùnrin tàbí obìnrin), nous parlons (a), vous parlez (ẹ), ils parlent tàbí elles parlent (wọ́n). Mo mọ̀ pé o ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ṣé o ti fetí gbọ́ ọ? Kà á sókè báyìí, kódà bó bá gba pé kí o tilẹ̀kùn. Parle, parles, parle, parlent: ohùn kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. “E” ibẹ̀ kì í dún. “Es” kì í dún. “Ent” tó gùn gbọọrọ yẹn náà kì í dún. “Ons” ti nous àti “ez” ti vous nìkan ni etí ń gbọ́. Mẹ́fà tó ń lé ọ kiri nínú ìwé, mẹ́ta péré ni lẹ́nu. Bí àwọn tó ni èdè bá sì ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo nous, “on parle” ni wọ́n máa ń sọ, ìparí kan náà ni “on” àti “il” sì ń gbà. Ó ku méjì! Mo ń sọ, o ń sọ, wọ́n ń sọ: ọ̀rọ̀ ìṣe tiwa kì í yí padà rárá, Faransé ẹnu kò sì jìnnà sí i tó bí o ṣe rò. Ọwọ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló ni wàhálà. Kí ló wá dé tí ẹnu fi ń jẹ gbèsè ọwọ́?

Nípa “ent” yẹn. Ṣé o rántí ìgbà tí o ń kàwé ní pálọ̀, tí àlejò wà, tí o pe gbogbo lẹ́tà inú “ils parlent” jáde bí ẹni ń ka Yorùbá? Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún ní kí o tún un kà kí àlejò lè gbọ́. O pa ìwé dé, o wọlé lọ. Àtìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kíláàsì rẹ yìí, ẹ̀rín mi ọjọ́ náà ni mò ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀, èmi tí mò ń rẹ́rìn-ín, máàkì gidi ni mo gbà nínú Faransé nílé ìwé, mi ò sì fi bá ẹ̀dá alààyè kan sọ̀rọ̀ rí. Bí wọ́n bá kí mi, mo máa ń mi orí ni. Ẹ̀rù pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín ni. Àfi bíi pé mo wá gbé ẹ̀rù náà fún ọ dì mọ́ ẹrù tí o gbé lọ.

Ìyẹn ò ní kí o má gbé fóònù mi o.

Má fi je, tu àti il sílẹ̀ láé. Nígbà tí mẹ́rin bá ń dún bákan náà, àwọn ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí fáwẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe, je á gé kúrú: j'aime (mo fẹ́ràn), j'écoute (mo ń tẹ́tí sílẹ̀). Ọ̀pọ̀ èyí tí “h” bẹ̀rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: j'habite (mo ń gbé). Ibẹ̀ náà ni etí ti lè mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀, nítorí “s” inú “ils aiment” á dún bíi “z” wọnú “aiment”, kò sì sí irú rẹ̀ nínú “il aime”. Olùkọ́ rẹ, àgbàlagbà àti ẹni tí o kò mọ̀ rí, vous ni, ì báà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ tí a tọ́ dàgbà láti má ṣe sọ “o” sí àgbà, èyí ò yẹ kó ni ọ́ lára.

Bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọ̀rọ̀ ìṣe Faransé ló parí sí “er”, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń tọ̀: travailler (ṣiṣẹ́), chercher (wá nǹkan), demander (béèrè), aider (ṣèrànwọ́). Aller (lọ) ni kí o yọ sọ́tọ̀, je vais ni tirẹ̀. Àwọn kan máa ń yí díẹ̀ nínú ìwé kí ohùn wọn má bàa bàjẹ́, bíi nous mangeons àti nous commençons. Ìwọ̀nyí lè dúró. Bí o bá ṣì wọ́n kọ, olùkọ́ á fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó tán.

Èyí tí mi ò fẹ́ kó dúró ni bí wọ́n ṣe ń lò ó. “Je travaille” ni mo ń ṣiṣẹ́, òun náà ni mo máa ń ṣiṣẹ́. Má wá ohun kankan fi sáàárín je àti travaille. “Je suis travaille” tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi máa ń sọ kò sí níbì kankan. Ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ tó ṣì ń lọ náà, ìsinsìnyí ni Faransé ń kà á sí, pẹ̀lú depuis: “Je cherche ma fille depuis longtemps”, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọmọbìnrin mi. O gbọ́ ìyẹn yé. Bí o bá fẹ́ sọ pé nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀, ne á ṣíwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, pas á tẹ̀lé e: “Tu ne téléphones pas”, o kì í pe fóònù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú téléphoner ni. Kò yà kúrò lọ́nà “parler” níbì kankan, kò sí àwáwí fún un.

Ṣé o ṣì ń lọ sí kíláàsì yẹn ṣá? Mò ń bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí oorun kì í kùn mí mọ́ bí mo bá rò ó. Bí o bá ṣì ń lọ, nawọ́ sókè lọ́la kí olùkọ́ tó nawọ́ sí ọ. Gbólóhùn kan péré, “J'habite ici” (ibí ni mò ń gbé) tàbí “Je cherche un livre” (mò ń wá ìwé kan), kí o padà jókòó. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, sọ òmíràn lọ́tùnla.

Lẹ́yìn náà kí o pè mí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Faransé ni kí o bá mi sọ. Sọ “je parler” pàápàá bó bá wá sẹ́nu, mi ò ní rẹ́rìn-ín, ìdáhùn tèmi gan-an á lábùkù ju tìrẹ lọ. Bó bá sì jẹ́ pé o ti fi kíláàsì sílẹ̀, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Mi ò fẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta bí èmi ṣe gbọ́ tèmi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ