Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ, ẹ gbọ́ tèmi

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé wọ́n ti ń ṣe tírénìn fún yín báyìí lórí bẹ́ ẹ ṣe máa bá ọmọ tójú ẹ̀ ti rí màbo lò, inú mi dùn gan-an, torí nígbà tí àwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí fọ́ọ̀mù ni wọ́n kó fún wa pé ká lọ máa kọ.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, ọmọ ọdún 7, alaalẹ́ ló máa ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ pílò. Mo ní olè ni, mo dà á nù lójú ẹ̀. Ha! Bó ṣe wò mí lọ́jọ́ náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ tébi ti pa débi pé kò mọ̀gbà tóun tún máa jẹun, búrẹ́dì abẹ́ orí yẹn ló ń jẹ́ kó rí oorun sùn. Ká ní mo gbé abọ́ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kí n sì ní "tìẹ nìyí o, tó bá tán a máa fi kún un."

Torí náà kẹ́ ẹ tó bi ọmọ pé kí ló ń ṣe é, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tójú ẹ̀ ti rí. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ACE, ìyẹn ìwádìí nípa ìyà tójú èèyàn rí ní kékeré, tí dókítà Felitti àti dókítà Anda gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998 fi hàn pé bí ìyà ìgbà ọmọdé bá ṣe pọ̀ tó ni ìrẹ̀wẹ̀sì, ọtí àmujù, títí kan àìsàn ọkàn ṣe máa ń pọ̀ tó téèyàn bá dàgbà. Ọmọ tó ń jà, èyí tó ń sá, èyí tó kàn dákẹ́ bí ẹni tí ò sí níbẹ̀, ẹ̀rù ló ń ba gbogbo wọn, èyí tó dákẹ́ yẹn la sì máa ń gbàgbé jù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ọmọ kúrò nílé tí ìyà ti ń jẹ ẹ́, ẹ lóṣòó kójú yín bá tiẹ̀ dọ́gba, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ fún un, ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn, ibi tó máa sùn, ẹ jẹ́ kó mú nǹkan ẹ̀ kan dání, ì báà jẹ́ bèbí tí ò lápá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da ẹrù ẹ̀ sínú báàgì ìdọ̀tí. Tọ́lọ́pàá bá ti bi í nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, tí dókítà náà ti bi í, kí lẹ tún fẹ́ bi? Ẹ lọ ka fáìlì.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Tóhun tẹ́ ẹ gbọ́ níbi iṣẹ́ bá ti ń bá yín délé, ẹ sọ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ò sọ fẹ́nì kankan fọ́dún 2, ọmọ tèmi ló kọ́kọ́ fura, ó ní màámi kì í gbé òun mọ́ra mọ́.