Ìrìn-Àjò Alẹ́ Mẹ́rin Nínú Òtútù, Nígbà Tí Ara Kò Yá

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ojú-ìwé ìrìn-àjò yín, mo sì ti ṣàkíyèsí pé bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé ni ìpolówó ìrìn-àjò kúkúrú sí àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ òkèèrè máa ń pọ̀ sí i: alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àti ilé ìtura lápapọ̀, ní iye tí kò ga nítorí pé òtútù ti lé ọ̀pọ̀ àlejò sẹ́yìn. N kò lòdì sí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni ohun kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ, tí èmi náà kò sì mọ̀ títí ó fi ṣẹlẹ̀ sí mi: bí ara ènìyàn kò bá yá nínú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, kò sí ọjọ́ kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àìsàn, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi máa ń pa àìsàn náà mọ́ra.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún kan tí kò tíì jìnnà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí Vienna, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ọ́stríà, fún alẹ́ mẹ́rin. Ọdún mẹ́ta ni a ti ń gbèrò rẹ̀, tí iṣẹ́ tàbí owó ń dí wa lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa gbéra, mo jí pẹ̀lú ọ̀fun tó ń ta mí, gbogbo ẹ̀yìn mi sì ń ro mí bí ẹni tó ru ẹrù sùn. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Mo lo hóró paracetamol méjì, mo bọ́jú, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo rí bí inú ẹ̀gbọ́n mi ti ń dùn tó bí ó ṣe ń ká ìbọ̀wọ́ àti ìborùn rẹ̀ sínú àpótí. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀fìnkìn lásán ni, pé yóò ti lọ kí a tó débẹ̀.

Kò lọ. Inú bàálù gan-an ni ó ti kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, ọ̀rinrin inú rẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ìdá 20 nínú 100, ìfúnpá rẹ̀ sì dà bí ti orí òkè tó ga ní mítà 1,800 sí 2,400. Ẹni tí imú rẹ̀ dí ni yóò mọ bí èyí ti rí nígbà tí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀, nítorí pé ihò tóóró tó so ẹ̀yìn imú mọ́ inú etí yóò ti wú, afẹ́fẹ́ kò sì ní lè gba ibẹ̀ kọjá kí ìfúnpá inú etí àti ti òde tó dọ́gba. Mo di etí mi mú, omi ń bọ́ lójú mi, ẹ̀gbọ́n mi sì rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ó yẹ kí n sùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ilé-ìṣọ́ ìhà gúúsù kàtídírà Stephansdom ni mo gùn. Ilé-ìṣọ́ náà ga ní mítà 136, àtẹ̀gùn 343 tó ń lọ́ po bí ìkarahun ìgbín ni ènìyàn yóò sì gùn kí ó tó dé yàrá tí àwọn tó ń ṣọ́ bóyá iná ń jó níbì kan nínú ìlú ń gbé láyé àtijọ́. Mo làágùn gba inú aṣọ mẹ́ta, mo sì dúró sójú fèrèsé tútù pẹ̀lú òógùn náà lára. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé òtútù fúnra rẹ̀ ni àìsàn. Òun kọ́. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn àti inflúẹ́ńsà, ṣùgbọ́n òtútù máa ń bá a ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù kò lè gba omi púpọ̀ mọ́ra, bí wọ́n bá sì wá mú un gbóná nínú ilé, ńṣe ló máa ń gbẹ táútáú. Awọ inú imú àti ọ̀fun tó yẹ kó rin yóò gbẹ, ikọ́ yóò sì le sí i. Ẹni tó ń ti inú ilé gbígbóná bọ́ sí ìta tútù, tó tún ń wọlé padà ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́, bí a ti máa ń ṣe nínú irú ìrìn-àjò yìí, kò fún ara rẹ̀ láyè láti bá ohunkóhun jà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ibà dé ní kíkún. Mo bo aṣọ ìbora méjì, síbẹ̀ eyín mi ń lu ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi, ó sì bi mí pé, “Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?” Mo ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, láti ilé ni.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé ìlú yìí ni mo fẹ́ rí jù ọ́ lọ?” N kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọjọ́ Àìkú ni. Ní Ọ́stríà, ilé ìtajà ńlá kì í ta oògùn ibà, bí ó ti wù kó kéré mọ. Ilé apòògùn nìkan ló ń tà á, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣètò rẹ̀ dáadáa. Ara ilẹ̀kùn ilé apòògùn kọ̀ọ̀kan ni ènìyàn yóò ti rí èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní alẹ́ náà, bí ó bá sì débẹ̀, yóò tẹ aago, apòògùn yóò sì dá a lóhùn láti ojú fèrèsé kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi lọ fún mi nínú òtútù yẹn. Oògùn ọ̀fìnkìn lẹ́búlẹ́bú, èyí tí a ń pò mọ́ omi gbígbóná, ni ó fẹ́ rà, ṣùgbọ́n apòògùn náà kọ́kọ́ bi í ní ohun tí mo ti lò. Nígbà tí ó gbọ́, ó fi hàn án lára páálí pé paracetamol kan náà ló wà nínú rẹ̀. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lo ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24, ìyẹn hóró 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500. Ẹ̀dọ̀ ni àlòjù rẹ̀ máa ń bà jẹ́, kì í sì í tètè fi hàn lójú. Bí kò bá jẹ́ ìbéèrè yẹn, ǹ bá ti kọjá ìwọ̀n náà kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí mo ti ń lo oògùn láti òwúrọ̀ láìka iye rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ orúkọ oògùn tí mo bá lò àti aago tí mo lò ó sórí ìwé, bí mo bá wà nílé tàbí lájò.

Orí ibùsùn ni mo ti ka ọjọ́. Dókítà tó yẹ̀ mí wò lẹ́yìn tí a padà dé ló sọ pé inflúẹ́ńsà ni. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ènìyàn bá kó o ni ó máa ń fara hàn, ọjọ́ kejì ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ní i lè kó o ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ kan ṣáájú kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, títí di ọjọ́ 5 sí 7 lẹ́yìn rẹ̀. Èyí fi hàn pé Vienna kọ́ ló kó àìsàn ràn mí. Èmi ni mo gbé e wá bá wọn. Ó sì tún fi hàn pé gbogbo ìrìn-àjò wa pátá, láti ìgbà tí a wọ bàálù lọ títí a fi wọ bàálù bọ̀, bọ́ sínú ọjọ́ tí mo jẹ́ ewu fún ẹni tó bá jókòó tì mí. Ibí ni ìrìn-àjò kúkúrú ti yàtọ̀. Ẹni tó lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè fi ọjọ́ márùn-ún sùn, kó sì ṣì rí ìlú. Ẹni tó lọ lo alẹ́ mẹ́rin, òun àti àìsàn rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ, tí wọ́n sì jọ bọ̀.

A mú ìwé tí a kọ ètò wa sí, a sì fa igi lé ohun tó lé ní ìdajì lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dá lọ sí ààfin Schönbrunn, èmi sì sùn di ọ̀sán. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ibà náà ti rọlẹ̀ díẹ̀, mo fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, a sì wọ tírámù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ní àkókò tí èrò kò pọ̀, èyí tó ń gba òpópónà Ringstraße. Ọba ńlá Franz Joseph ló pàṣẹ ní 1857 pé kí wọ́n wó odi tó yí ìlú náà ká, kí wọ́n sì fi ojú ibẹ̀ la òpópónà gbòòrò. Wọ́n sì ṣí i ní 1865. Láti orí ìjókòó kan ṣoṣo, lẹ́bàá fèrèsé, mo rí ilé eré orin ńlá tí wọ́n ṣí ní 1869, mo rí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, mo rí gbọ̀ngàn ìlú, láìgun àtẹ̀gùn kan. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. A kò wọ èyíkéyìí nínú àwọn ilé kọfí olókìkí ibẹ̀, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe máa fi ìbòmú mu kọfí.

Yàrá kan ṣoṣo ni mo wọ̀ nínú Kunsthistorisches Museum, ilé àkójọpọ̀ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣí ní 1891. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí Pieter Bruegel kùn ní 1565, ti àwọn ọdẹ tó ń bọ̀ nínú yìnyín. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n tẹrí ba, àwọn ajá wọn ń wọ́ ẹsẹ̀, ohun tí wọ́n pa bọ̀ kò sì ju kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan lọ. Nísàlẹ̀ òkè, lórí adágún tó ti dì, àwọn ènìyàn ń ṣeré. Mo jókòó síwájú rẹ̀ lórí àga tìmùtìmù fún bí ìdajì wákàtí, pẹ̀lú ara tó ń ro mí, mo sì mọ bí ó ṣe rí lára àwọn ọdẹ yẹn. Bí ara mi bá le ni, ǹ bá ti sáré kọjá rẹ̀.

Bí àwọn òǹkàwé yín bá ń lọ sí irú ibẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ka ìwé adójútòfò wọn kí wọ́n tó gbéra. Físà Schengen, ìyẹn ìwé ìwọlé sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Ọ́stríà wà lára wọn, kò ṣeé gbà láìní adójútòfò ìlera tí kò dín ní 30,000 yúrò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń rà á nítorí físà nìkan, wọn kì í sì í mọ nọ́ńbà tó yẹ kí wọ́n pè. Ní Ọ́stríà, 1450 ni nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè gba ìmọ̀ràn lórí ìlera, 144 ni ti ọkọ̀ aláìsàn, 112 sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Bí èémí bá ń ṣòro láti mí, bí àyà bá ń dunni, bí ọkàn bá dàrú tàbí tí ètè ń yí àwọ̀ padà, kí wọ́n má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹni tó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní sickle cell ní láti ṣọ́ra jù wá lọ, nítorí òtútù àti àìmu omi tó lè dá ìrora ńlá sílẹ̀ fún un.

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa padà, ibà tún gbé mi, mo sì pe ilé-iṣẹ́ tó ni bàálù wa, mo sọ òtítọ́ fún wọn pé ara mi kò yá, pé mo fẹ́ sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n ní kí n san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. N kò ní i. Mo lo oògùn kí ojú mi má baà pọ́n, mo wọ bàálù, mo sì jókòó ti bàbá àgbàlagbà kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìbòmú wà ní imú mi, síbẹ̀ n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá náà lẹ́yìn náà. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni mo mọ̀. Ọjọ́ kejì tí a padà dé ni ó dùbúlẹ̀, ikọ́ fée tó ti wà lára rẹ̀ láti kékeré sì jí dìde, ó sì lo alẹ́ méjì ní ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó kó o ràn án, mo sì mọ ọjọ́ tí ǹ bá ti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bi tèmi ni èyí, n kò tì í sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Síbẹ̀, ẹ wo òfin tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ń lò: wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dá èrò tó ń ṣàìsàn dúró ní ẹnu ọ̀nà bàálù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ṣáájú ni yóò pàdánù owó rẹ̀. Ẹni tó bá fi oògùn bo ibà mọ́lẹ̀, tó rẹ́rìn-ín sí òṣìṣẹ́, tó sì wọlé, kò pàdánù ohunkóhun. Òfin bẹ́ẹ̀ ń kọ́ aláìsàn ní irọ́ pípa. Ohun tí mo ń bèèrè kò le: kí ẹni tó bá mú ìwé dókítà wá lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan láìsan owó ìtanràn, ní pàtàkì jù lọ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì tí inflúẹ́ńsà máa ń jà ní àwọn ilẹ̀ tútù wọ̀nyẹn.

Nítorí náà, Olótùú, nígbà tí ìpolówó ìrìn-àjò kúkúrú bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́dún yìí, mo bẹ̀ yín kí ẹ bi àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ ní ìbéèrè kan: kí ni wọn yóò ṣe fún ẹni tí ibà bá mú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó máa gbéra? Kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn sí abẹ́ iye owó náà gan-an, kí lẹ́tà rẹ̀ má sì kéré ju ti iye owó lọ.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́.