Àwọn tí kì í lè sọ pé àwọn ò ní wá

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù Kánádà o, ìwọ àtàwọn ará ilé rẹ. Níbí, kaṣú ti ń pọ́n, ooru sì ń mú wa bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè.

O béèrè ibi tí mo bá iṣẹ́ áàpù yẹn dé, èyí tí ẹgbẹ́ aláàánú kan fẹ́ máa fi ṣètò àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti kọ́ ọmọ níwèé nírọ̀lẹ́. A ò tíì kọ kóòdù kankan. Ẹnu àwọn èèyàn ni mò ń gbọ́ kiri láti Takie dé Ọjà Jagun: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, télọ̀, àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH.

Àtẹ aláwọ̀ mèremère tí yóò fi han àwọn tó ń fún wọn lówó ni ọ̀gá ibẹ̀ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé wọ́n á pín iṣẹ́ fún èèyàn, onítọ̀hún á ní "Kò burú, mà," tó bá di ọjọ́ náà, a ò ní rí i. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ló fà á, "Kò sí nǹkan" ni. Ni mo bá yí ìbéèrè padà: ẹ sọ ti ìgbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn fún mi, láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹnu wá ṣí. Ọmọ LAUTECH kan ní ìdánwò ló já lu òun, ṣùgbọ́n ẹnu wo lòun fẹ́ fi sọ fún Màmá alákòóso, tí wọ́n ju ìyá òun lọ, pé òun ò wá? Ó kúkú pa fóònù ẹ̀.

Màmá náà ní ìwé kan tí wọ́n fi ańkárá bò, abẹ́ abíyá ni wọ́n ń gbé e sí. Wọ́n fi báírò pupa sàmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn kan: àwọn yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ pè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ orúkọ méjì tí kò gbọ́dọ̀ pàdé ní kíláàsì kan náà. (Mo bi wọ́n ní ìdí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n mu omi.) Mi ò tíì rí áàpù tó ní àyè fún irú èyí.

Mo ya bí ojú áàpù náà yóò ṣe rí sórí bébà, mo ń gbé e kiri kí wọ́n lè dán an wò. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí nǹkan orí kọ̀ǹpútà ṣe ń rọrùn lò, kọ ọ́ lọ́dún 2000 pé téèyàn 5 bá dán nǹkan wò, èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù rẹ̀ á ti hàn. Àmọ́ òun náà ní bí àwọn tó máa lò ó bá yàtọ̀ síra, ká mú nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni. Ọmọ yunifásítì ti tẹ bébà kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Bàbá tíṣà kan bi mí pé fóònù onítọ́ọ̀ṣì tàwọn ńkọ́. Àwọn ló jẹ́ ká fi àtẹ̀jíṣẹ́ kún un: ẹ tẹ 1 bí ẹ bá ń bọ̀, 2 bí kò bá ní ṣeé ṣe.

Ọ̀gá fẹ́ kí ẹni tó bá tẹ 2 kọ ìdí rẹ̀. Mo ní irọ́ la ó máa kó jọ síbẹ̀. A ṣì ń fà á. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ tún ń béèrè ẹ̀sìn àti ọjọ́ ìbí. Mo rán an létí pé òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà tọdún 2023 ní ohun téèyàn nílò nìkan ni kó gbà. Ìyẹn ló gbọ́.

Ìwọ tó o máa ń lọ bá wọn pín oúnjẹ lópin ọ̀sẹ̀ lọ́hùn-ún, bí o ò bá lè lọ, ta lò ń sọ fún? Ṣé wọ́n ń bi ọ́ ní ìdí? Kọ ọ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì, mo fẹ́ gbé e lọ bá ọ̀gá.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ.