Ẹ Ka Ṣẹ́gun Dáadáa Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ó Ti Tán

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àwọn tó ń pariwo pé àwọn òbí kò sọ ọmọkùnrin ní Ṣẹ́gun mọ́, òótọ́ wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n kò pé.

Ẹ wo àwọn tó ti ṣe gómìnà: Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà tí wọ́n bí ní 1939, Olúṣẹ́gun Agagu ní 1948, Ṣẹ́gun Òní àti Olúṣẹ́gun Mímíkò ní 1954. Ẹ fi Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti bọ́ọ̀lù kún un, 1952 ni tirẹ̀. Ní 2008, Ṣẹ́gun ló wà lórí àléfà l'Óǹdó, Ṣẹ́gun ló wà níbẹ̀ l'Ékìtì. Nígbà tó di 2009, Ṣẹ́gun Mímíkò gba Oǹdó lọ́wọ́ Ṣẹ́gun Agagu nílé ẹjọ́. Kì í ṣe orúkọ ló gbé wọn débẹ̀ o. Àwọn tí wọ́n sọ ní Ṣẹ́gun ní sáà tí wọ́n bí wọn ló pọ̀.

Ilé tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá, tàbí tó ti ń sin ọmọ kí èyí tó dúró, ló sábà máa ń sọ ọmọ ní Ṣẹ́gun. Lónìí, àdúrà tí òbí ń gbà fúnra rẹ̀ ló gbòde: Tìmílẹ́yìn, Dámiláre, Pẹ̀lúmi. "Olú" lásán kò sì tó ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ mọ́, "Olúwa" ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́ gbangba. Ibẹ̀ ni Ṣẹ́gun sá sí: Olúwaṣẹ́gun ló wà nínú ìwé, wọ́n sì lè máa fi orúkọ mìíràn pe ọmọ nílé.

Ẹni tó bá fẹ́ ka iye ọmọ tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun, kó da Ṣẹ́gun, Olúṣẹ́gun, Olúwaṣẹ́gun àti Adéṣẹ́gun pọ̀, kó má gbàgbé Segun tí kò ní àmì àti Shegun tí wọ́n fi "h" kọ. Kó yọ Fáṣẹ́gun tó jẹ́ orúkọ ìdílé kúrò. Kó wo orúkọ kejì àti ìkẹta, torí bàbá àgbà àti ìyá àgbà náà máa ń sọ ọmọ lórúkọ níbi ìkómọjáde, tiwọn kì í sì í sábà ṣáájú nínú ìwé. Ọdún tí wọ́n bí ọmọ ni kó tẹ̀ lé, kì í ṣe ọdún tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ìbí. Ọ̀pọ̀ òbí kì í wá a àfi tí ilé ìwé tàbí páásípọ́ọ̀tù bá bèèrè rẹ̀.

Ọdọọdún ni ìjọba ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ tuntun jáde fún England àti Wales. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ tí ó kéré tán ọmọ 5 bá jẹ́ lọ́dún kan máa ń wọ ìwé wọn, láti 1880 wá. Àjọ Ìkànìyàn wa ló ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí wọ́n tẹ tiwa náà jáde ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láìfi orúkọ ìdílé sí i, kí kọ̀ǹpútà wọn sì gba àmì ohùn àti ti abẹ́ lẹ́tà.

Òǹkàwé yín,
Àkúrẹ́