Ẹ fi orúkọ Washington Township sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, kò ní rẹ̀ yín.

Mo ka lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn yín, ẹni tó kọ ọ́ ní ọmọ òun ń gbé ní Amẹ́ríkà, ó wá ní àwọn òyìnbó ibẹ̀ ò mọ orúkọ sọ rárá, pé báwo ni ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ṣe máa ní Washington Township tó lé ní ogójì, àfi kí ìjọba àpapọ̀ wọn ṣòfin kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí kálukú lọ gba orúkọ tuntun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Àárín àwọn èèyàn yẹn ni mo ti ń jẹun, iṣẹ́ títọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn ni mo ń ṣe níbí ní Ohio, inú oko pátápátá sì ni púpọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n ń rán wa lọ wà, ibi tó jẹ́ pé àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà lẹ máa rí lọ́tùn-ún lósì títí tẹ́ ẹ fi máa dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mo mọ ohun tí orúkọ yẹn jẹ́ fún wọn. Mo mọ wàhálà tó wà nínú ẹ̀ náà, mi ò ní purọ́ pé kò sí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí táúnṣíìpù jẹ́, torí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn rò pé ìlú ni. Kì í ṣe ìlú. Ìpínlẹ̀ ló pín sí káúńtì, káúńtì ló wá pín sí táúnṣíìpù, ẹ sì lè wa mọ́tò gba inú ẹ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kẹ́ ẹ má rí ju ṣọ́ọ̀ṣì kan, itẹ́ òkú kan, gàráàjì tí wọ́n ń kó katakata tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe sí, àti ilé àwọn àgbẹ̀ tó jìnnà síra. Síbẹ̀ ó ní ìjọba tiẹ̀. Ní Ohio, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n máa ń dìbò yàn pẹ̀lú akápò kan, ọdún mẹ́rin mẹ́rin, àwọn ló ń rí sí títì inú oko, àwọn ló ń gé koríko etí ọ̀nà, àwọn ló ń kó yìnyín kúrò nílẹ̀ nígbà òtútù, àwọn ló ń tọ́jú itẹ́ òkú àtijọ́ tí kò ní ẹbí mọ́, àwọn ló ń ṣètò paná-paná. Ní Iowa, tí àgbẹ̀ méjì bá ń bára wọn jà lórí fẹ́ńsì tó wà láàárín oko wọn, àwọn àgbà táúnṣíìpù yìí ló máa lọ wò ó, tí wọ́n á sọ apá ibi tí kálukú máa tún ṣe. Ti Minnesota ló wù mí jù, lọ́dọọdún, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kẹta, gbogbo ará táúnṣíìpù tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lè wá jókòó pọ̀ kí àwọn fúnra wọn dìbò lé iye owó orí tí wọ́n máa san fún títì wọn àti paná-paná wọn. Nínú ìpínlẹ̀ àádọ́ta tó wà ní Amẹ́ríkà, ogún péré ló ní irú ìjọba kékeré yìí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kà wọ́n pọ̀, wọ́n lé ní 16,000.

Báwo ni orúkọ wọn ṣe wá jọra báyẹn? Ilẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè ogun wà lọ́rùn wọn, kò sówó lápò ìjọba, ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ní tí wọ́n lè tà. Lọ́dún 1785 wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n wọn ilẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n gé e sí igun mẹ́rin mẹ́rin, máìlì 6 ní ìbú, máìlì 6 ní gígùn, kí wọ́n tún gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 36, kí ẹyọ kan jẹ́ éékà 640, kí wọ́n sì ya ìkẹrìndínlógún sọ́tọ̀ fún ilé ìwé. (Òfin ilé ìwé yẹn máa ń wú mi lórí, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́lé sí, wọ́n ti ń ro ti àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí.) Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti gé e báyẹn o, ní Ohio níbí, ilẹ̀ tó wà láàárín odò Scioto àti Little Miami, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Virginia, bí kálukú ṣe rí ilẹ̀ tó wù ú ló ṣe wọ̀n ọ́n, ìdí nìyẹn tí ààlà ibẹ̀ fi rí wọ́gọwọ̀gọ títí dòní.

Nọ́ńbà lásán ni àwọn igun mẹ́rin yẹn ní lórí máàpù. Ìgbà táwọn èèyàn débẹ̀ tí wọ́n pọ̀ díẹ̀ ni káúńtì tó wá dá táúnṣíìpù sílẹ̀ fún wọn tó sì fún un lórúkọ, káúńtì kọ̀ọ̀kan ló sì ń dá tiẹ̀ ṣe, kò sẹ́ni tó ní láti béèrè lọ́wọ́ káúńtì kejì pé ṣé ẹ̀yin náà ti lo orúkọ yìí. Kí ló tiẹ̀ máa jẹ́ kí wọ́n béèrè, nígbà tó jẹ́ pé ẹṣin ni wọ́n ń gùn, tí káúńtì kejì dà bí ilẹ̀ òkèèrè? Ẹ tún wo àwọn tó ń sọ orúkọ yẹn. Àwọn ọmọ ogun tó bá George Washington, ọ̀gágun tó wá di ààrẹ wọn àkọ́kọ́, jagun òmìnira wà nínú wọn, ilẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi san owó iṣẹ́ fún òmíràn nínú wọn. Ẹni tó ti bá ọ̀gá ẹ̀ fara da òtútù àti ebi, tó wá dé orí ilẹ̀ tí wọ́n fún un, orúkọ ta lẹ fẹ́ kó fi sọ ọ́? Nígbà tí Perry, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi wọn, ṣẹ́gun ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí adágún omi Erie lọ́dún 1813, Perry Township bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ọ̀gágun Jackson ṣẹ́gun wọn ní New Orleans lọ́dún 1815, Jackson Township náà kún ilẹ̀. Jefferson, Madison, Monroe, bí wọ́n ṣe ń jẹ ààrẹ ni orúkọ wọn ń jẹ yọ nínú oko. Àwọn míì ní kí tàwọn máa jẹ́ Liberty, àwọn míì ní Union. Ohun tí ọkàn wọn ń lé nígbà yẹn ni wọ́n kọ sílẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń lé.

Tí ẹnì kan bá tiẹ̀ fẹ́ bínú lórí orúkọ àwọn ilẹ̀ yìí, ìdí wà, àmọ́ kì í ṣe ìdí tí ẹni yẹn kọ. Àwọn Shawnee, àwọn Lenape, àwọn Miami àtàwọn míì ló ń gbé Ohio kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀, ogun ni wọ́n fi gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àdéhùn Greenville ti ọdún 1795 sì mú kí wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti ní orúkọ fún gbogbo ibẹ̀. Orúkọ odò bíi Scioto àti Muskingum lẹ ṣì máa gbọ́ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú tilẹ̀ ti pa rẹ́. Ìyẹn máa ń dùn mí tí mo bá ń gba ọ̀nà oko yẹn kọjá.

Ó wá ku wàhálà tó wà nínú ẹ̀ lónìí. Káúńtì Franklin, níbi tí Columbus wà, tí àwa Yorùbá pọ̀ sí, ó ní Jackson Township, ó ní Madison, ó ní Perry, ó ní Washington. Káúńtì Pickaway tó bá a pààlà lápá gúúsù, òun náà ní Jackson, ó ní Madison, ó ní Perry, ó ní Washington. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Madison ti Franklin wà ní ìsàlẹ̀ káúńtì tiẹ̀, Madison ti Pickaway wà lókè tiẹ̀. Tí àgbàlagbà kan bá ṣubú nínú ilé, tẹ́ ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, lórí fóònù alágbèéká nítòsí ààlà yẹn, òpó fóònù káúńtì kejì lè gbé ìpè yín, ẹni tó gbé e lè wà ní káúńtì tí kì í ṣe tiyín, tẹ́ ẹ bá wá sọ fún un pé Madison Township lẹ wà, òun náà ní Madison Township tiẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá wà ní Texas tẹ́ ẹ pe 911 nítorí ìyá yín tó wà ní Ohio, àwọn ti Texas ló máa gbé e, ohun pàtàkì tí wọ́n sì nílò lẹ́nu yín ni káúńtì, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa darí ìpè náà sí. Gbogbo ilé tí mo bá ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń kọ orúkọ káúńtì, nọ́ńbà ilé, orúkọ títì, àti títì tó gé e kọjá nítòsí sára bébà, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Mo bẹ gbogbo àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti lẹ́tà pósí yàtọ̀, òun gan-an ló tún ń da àwọn èèyàn wa láàmú. Láyé àtijọ́ ni iléeṣẹ́ pósí wọn ti kọ̀ jálẹ̀ pé pósí méjì ò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà nínú ìpínlẹ̀ kan, torí ẹ̀ ni àdírẹ́sì ilé tó wà nínú táúnṣíìpù kì í fi í sábà jẹ́ orúkọ táúnṣíìpù yẹn, orúkọ pósí tó ń gbé lẹ́tà wọn ni wọ́n ń kọ, ẹni tó ń gbé ní Jackson Township ní Franklin lè máa kọ Grove City. Nọ́ńbà ZIP tí wọ́n mú wọlé lọ́dún 1963 tún wá là á mọ́lẹ̀ sí i. Àmọ́ tó bá kan ìwé ilẹ̀ àti ìbò, táúnṣíìpù tún yọjú. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi lè kọ ìlú kan sẹ́yìn àpò ìwé kó sì ní òmíràn lòun ń gbé, kò purọ́ fún yín o.

Ṣé wọn kì í wá yí orúkọ padà ni? Wọ́n ń yí i. New Jersey kékeré yẹn ní Washington Township mẹ́fà, ní káúńtì Bergen, Burlington, Gloucester, Mercer, Morris àti Warren. Ti Mercer rí i pé ó ti sú àwọn, wọ́n dìbò lóṣù kọkànlá ọdún 2007, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 ni wọ́n ti ń jẹ́ Robbinsville. Àwọn ará Dover Township ní káúńtì Ocean náà dìbò lọ́dún 2006, wọ́n di Toms River, torí Dover míì wà ní Morris. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú wọn, lọ́dún 1975, Madison Township ní Middlesex ti di Old Bridge. Ṣé ẹ rí i, àwọn tó ń gbébẹ̀ ló ṣe é, wọ́n ro ó, wọ́n jiyàn lé e lórí, wọ́n dìbò.

Àwọn Washington márùn-ún tó kù ní ohun táwọn ń jẹ́ náà tẹ́ àwọn lọ́rùn. Wọn ò sì jọra rárá. Ti Gloucester fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta èèyàn, ti Burlington wà nínú igbó igi páínì, ilẹ̀ ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún máìlì níbùú lóròó, àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ ò tó ẹgbẹ̀rún kan. Ti Warren ní ìlú míì tóun náà ń jẹ́ Washington láàárín ẹ̀ gangan, tí táúnṣíìpù yí i ká, tí ìjọba wọn sì yàtọ̀. Ní ti Morris, Long Valley lọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ pé àwọn ń gbé, Long Valley yìí sì ni wọ́n ń pè ní German Valley tẹ́lẹ̀, ìgbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tí inú ń bí gbogbo èèyàn sí àwọn ará Jámánì ni wọ́n fi yí i, orúkọ tí àwọn Jámánì tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó fi sílẹ̀ bá lọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí ìjọba àpapọ̀ tó wà lókèèrè ní olú ìlú wọn máa pàṣẹ orúkọ fún àwọn èèyàn inú oko, irú nǹkan báyìí ló máa pọ̀, kí ohun tó ń bí àwọn alágbára nínú lọ́dún yẹn máa pa orúkọ àwọn aláìlágbára rẹ́.

Àwọn tí mò ń tọ́jú, bàbá bàbá wọn wà nínú itẹ́ òkú táúnṣíìpù yẹn, orúkọ ẹ̀ wà lára ìwé ilẹ̀ wọn, ó wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ paná-paná tí àwọn ọmọ wọn ń fi lọ paná láìgba owó iṣẹ́. Nínú káúńtì tiwọn, Washington Township kan ṣoṣo ló wà, kò sì rú ẹnikẹ́ni lójú níbẹ̀. Àwa tá a wá láti ìta ló yẹ ká kọ́ bá a ṣe ń pè é pé.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ìròyìn àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà, ì báà ṣe ìsìnkú, ì báà ṣe jàǹbá, ì báà ṣe ẹni tí wọ́n ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọ Washington Township ní Ohio kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀, ẹ fi orúkọ káúńtì sí i, kí ẹbí tó wà nílé lè mọ ibi tí wọ́n máa pè.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Columbus, Ohio