Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí Ìwé tí Yóò Fi Kọ́ Gírámà Èdè Jàpáànì

Àjọkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ gbà lálẹ́ àná, inú mi sì dùn pé kò tíì sú ọ láti máa kọ́ èdè Jàpáànì. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé o ti kó ìwé gírámà mẹ́sàn-án sínú fóònù, o tún wá ń bi mí léèrè ìkẹwàá. Ẹni tó lé eku méjì ń pòfo, ká má tíì sọ ẹni tó lé mẹ́sàn-án. Yan ẹyọ kan tí wàá tẹ̀ lé láti ẹ̀kọ́ kìíní dé ìparí, kí o sì fi òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wàá máa ṣí wò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú.

Bí o bá fẹ́ dán ìwé wò, ṣí i sí ibi tó ti ṣàlàyé "wa" àti "ga", ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì tí wọ́n máa ń fi tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orúkọ lédè Jàpáànì. Bí ó bá kàn ní àmì olùwà ni méjèèjì, tó sì kọjá lọ, pa á dé. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Yokohama, ọ̀gá kan wọlé, ó béèrè ẹni tó ra ọkọ̀ tó wà níta: "Dare ga kaimashita ka?" Mo yára dáhùn pé, "Watashi wa kaimashita." Ó ń wò mí lójú, ó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀, nítorí pé ohun tó gbọ́ ni "Ní tèmi o, mo rà," bí ẹni pé tàwọn yòókù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. "Watashi ga" ló yẹ kí n sọ, ìyẹn "Èmi ni mo rà á." Yorùbá tí o gbọ́ ti fi ìyàtọ̀ yìí hàn ọ́ tipẹ́. Àmọ́ má sọ ọ́ di òfin o: "Ame ga futte imasu" kò ju "Òjò ń rọ̀" lọ, kò sí "ni" kankan níbẹ̀. Ìwé tó bá ṣàlàyé èyí náà ni kí o náwó lé.

Fún èyí tí wàá tẹ̀ lé, ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Genki ni mo fara mọ́: apá méjì, ẹ̀kọ́ 23, ìdánrawò sì pọ̀ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ ẹnì kejì tí ẹ ó jọ máa sọ ọ́. Bí owó kò bá sí, ìwé Irodori tí àjọ Japan Foundation ṣe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ohùn tí o lè tẹ́tí sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni wọ́n gbájú mọ́ ju gírámà lọ. Kọ́kọ́ mọ hiragana, ìyẹn lẹ́tà Jàpáànì 46 tó jẹ́ ìpìlẹ̀, dáadáa, kí o má fi lẹ́tà òyìnbó ṣe ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ títí láé.

Èyí tí wàá máa ṣí wò ni A Dictionary of Basic Japanese Grammar tí Makino àti Tsutsui kọ ní 1986, tí ó máa ń fi ọ̀rọ̀ tó jọra wéra pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Má rà á. Mo ti fi tèmi rán àbúrò ìyá rẹ. "Ga" wà níwájú, "wa" wà nítòsí ẹ̀yìn, mo sì ti fi bébà há ibi méjèèjì. Má nu ohun tí mo fi pẹ́ńsù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ