Ka Ẹsẹ Tó Tẹ̀lé E: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tó Ń Ka Ìwàásù Ìsìnkú Àtijọ́

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti ka àwọn ìwàásù ìsìnkú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, tí o fi ránṣẹ́ sí mi, ó ku ẹyọ kan. Bíbélì Yorùbá mi ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí tábìlì, bí wọ́n bá ti pe ẹsẹ, èmi náà á ṣí i. Inú mi dùn sí ẹ̀kọ́ tí o lọ kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní àwọn oníwàásù yẹn kò ní ọ̀rọ̀ tiwọn, pé ẹsẹ Bíbélì ni gbogbo wọn kàn ń tò léra, tó bá wá kù díẹ̀ kí wọ́n parí, wọ́n á dárúkọ òkú. Jọ̀ọ́, má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ.

Ṣé o rántí bí ìyá àgbà rẹ ṣe máa ń ki òkú? Oríkì tí wọ́n ń lò, kì í ṣe àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀, gbogbo agbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, tí wọ́n bá dé ibì kan tí wọ́n dákẹ́, ẹkún á sọ, torí pé oníkálukú mọ ohun tó kàn tí wọn ò sọ. Bí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ṣe mọ Bíbélì nìyẹn. Bíbélì Geneva tó jáde ní 1560 ni odindi Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó ní nọ́ńbà ẹsẹ, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ní in nílé. Oníwàásù á pe ìlàjì ọ̀rọ̀, ìjọ á ti parí ìyókù nínú ọkàn wọn. Torí náà, nígbà tí o bá kan ẹsẹ kan, wá ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà àti ẹni tó sọ ọ́ fún, kí o sì ka ẹsẹ tó tẹ̀lé e.

Wo ìwàásù tí àlùfáà Jeremy Taylor ṣe fún Lady Carbery, ìyàwó ìjòyè kan, tó kú ní 1650. Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 14, ẹsẹ 14 ló mú: àwa ó sáà kú, a ó sì dàbí omi tí a tú sílẹ̀ tí a kò lè kójọ mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ níbi òkú ni. Ìgbà tí mo ṣí Bíbélì ni mo rántí pé obìnrin ló sọ ọ́, ọlọ́gbọ́n ará Tékóà yẹn, tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ lọ síwájú Dáfídì kí ọba lè gba Ábúsálómù, ọmọ ọba fúnra rẹ̀ tó ti sá lọ, padà sílé. Ẹsẹ náà kò sì parí síbi omi. Ó ní Ọlọ́run ń wá ọ̀nà kí ìsáǹsá rẹ̀ má bàa di ẹni ìtanù. Ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n ń sin lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ ni wọ́n sì fi sin ín. Ṣé ẹni tó yan èyí ni o ní kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀?

Ti Katherine Brettergh ló dùn mí jù. Ọ̀dọ́ abilékọ ni, ní Lancashire, wọ́n sin ín sí Childwall ní oṣù kẹfà 1601. Lórí àìsàn tó pa á, iyèméjì dojú kọ ọ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí Ọlọ́run ti kọ̀ sílẹ̀, kó tó wá ní ìfọ̀kànbalẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Àwọn Kátólíìkì tó kórìíra ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì rẹ̀ ládùúgbò fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Oníwàásù William Harrison wá dìde níbi òkú, ó mú Àìsáyà 57, ẹsẹ 1: "Olódodo ṣègbé, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí." Olódodo! Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti dáhùn gbogbo wọn.

Ìdí tí òkú fi máa ń wà níparí kò ṣòro. Ní 1572, àwọn Puritan, ìyẹn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó fẹ́ mú gbogbo àṣà Kátólíìkì kúrò nínú ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìkìlọ̀ sí Ilé Aṣòfin, wọ́n sì ní ìwàásù ìsìnkú ti fẹ́ gba ipò Máàsì tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe fún òkú. Ẹni tó bá fẹ́ yin òkú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi Ìwé Mímọ́ bọ́ alààyè yó. Mi ò sọ pé gbogbo wọn mọ̀ ọ́n ṣe o. Àwọn kan ń pe ẹsẹ mẹ́wàá síbi tí ọ̀kan ti tó.

Tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ kan bá sì yàtọ̀ sí ti Bíbélì King James ti 1611, má yára pè é ní àṣìṣe. Bíbélì Geneva ṣì wà lọ́wọ́ ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn mìíràn sì ń túmọ̀ láti inú èdè Látìnì fúnra wọn.

John Donne, akéwì tó di àlùfáà, ni kí o fi sùúrù kà jù. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 1631, ó ti rù kan eegun nígbà tó wàásù níwájú ọba Charles ní ààfin Whitehall, láti inú Sáàmù 68, ẹsẹ 20, pé ti Olúwa ni ìjáde ikú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ìjáde, ọ̀nà mẹ́ta ló yí i sí: ìdáǹdè kúrò lọ́wọ́ ikú, ìdáǹdè nínú ikú, ìdáǹdè nípasẹ̀ ikú. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta, òun náà ti lọ. Àwọn ènìyàn ní ìwàásù ìsìnkú ara rẹ̀ ló ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn báyìí, mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Níbi ìsìnkú bàbá mi, Tímótì Kejì orí 4 ni wọ́n kà: "Èmi ti ja ìjà rere, èmi ti parí iré-ìje mi." Oníwàásù ka ẹsẹ 7, ó ka ẹsẹ 8 tí adé òdodo wà, ó pa Bíbélì dé. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá mi, àwọn ló kọ́ wa ní orí yẹn láti kékeré, a mọ̀ ọ́n lórí. Ẹsẹ 9 ni mo gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kà á: "Sa ipá rẹ láti tètè tọ̀ mí wá." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí lọ́dún yẹn. Ìgbà tí mo fi máa délé, wọ́n ti tẹ́ wọn sílẹ̀. Gbogbo ìjọ ń sọ pé ìwàásù náà tù wọ́n nínú, èmi ò lè gbé orí sókè.

Èyí tó kù nínú ohun tí o fi ránṣẹ́ ni ìwàásù tí oníwàásù Puritan, Stephen Marshall, ṣe fún John Pym, aṣáájú nínú Ilé Aṣòfin, ní oṣù kejìlá 1643. Mo rí i pé Míkà orí 7 ló mú, ẹsẹ 1 àti 2. Mi ò tíì kà á. Mo fẹ́ ka odindi orí náà tán ná. Pè mí lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí ìwọ náà ti kà á.

Èmi ni,
Ìyá rẹ